Sandra Cisneros: àwọn ìbéèrè tí ẹ kì í yé bi mí, àti ìdáhùn wọn

Ó pẹ́ tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka obìnrin yìí, torí ẹ̀ ni mo ṣe kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ lọ tààrà síbi tó bá kàn yín.

Ta ni Sandra Cisneros gan-an?

Òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà ni, tí ìran ẹ̀ wá láti Mẹ́síkò. Chicago ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Ó ń kọ ìtàn àròsọ, ó ń kọ ewì, ó tún ń kọ nípa ayé ara ẹ̀, àmọ́ ìwé tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ni The House on Mango Street tó jáde ní 1984, ìwé pẹlẹbẹ kan báyìí tí èèyàn lè kà tán ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, tó sì ti tà ju mílíọ̀nù mẹ́fà ẹ̀dà lọ, wọ́n ti túmọ̀ ẹ̀ sí èdè tó lé ní 20.

Orúkọ ẹ̀, "Sis-né-ros" ni ẹ máa pè é, kí ohùn yín tẹ "né" yẹn dáadáa.

Ṣé ọmọ Mẹ́síkò ni àbí ọmọ Amẹ́ríkà?

Méjèèjì ni. Bàbá ẹ̀, Alfredo, Mexico City ló ti dàgbà kó tó ré kọjá wá sí Amẹ́ríkà. Ìyá ẹ̀, Elvira Cordero, ọmọ Mẹ́síkò ni ní ti ìran àmọ́ Amẹ́ríkà lòun dàgbà sí. Bàbá ò yé ṣàárò ilé, torí náà gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kó ẹrù láti Chicago lọ sí Mexico City, wọ́n á tún kó o padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tuntun tí wọ́n máa háyà, àwọn ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rẹ́ tuntun.

Ẹ máa rí i tí wọ́n ń pè é ní Chicana. Obìnrin tí ìran ẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, tó sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ yẹn ju orúkọ lásán lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láàárín 1960 sí 1970 ló gbé e ga, ẹni tó bá sì pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ fún yín pé òun ò tijú ibi tóun ti wá.

Irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?

Ọmọ méje ni wọ́n, òun ni ìkẹta, òun nìkan sì ni obìnrin. Iṣẹ́ kùṣìn ni bàbá ń ṣe, ó ń fi aṣọ àti fóòmù bo àga olówó. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tó di 1966 ni wọ́n tó ra ilé tiwọn, ilé kékeré kan ní òpópónà Campbell ní àdúgbò Humboldt Park, níbi tí àwọn ará Puerto Rico pọ̀ sí.

Ìyá ẹ̀ gan-an lẹni tí mo rò pé wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó. Obìnrin yẹn ò kàwé lọ títí, àmọ́ ó fẹ́ràn ìwé, ó fẹ́ràn orin ọ́pẹ́rà, ó ń kó àwọn ọmọ lọ sí láíbìrì. Tí Sandra bá ti ń kàwé, ìyá ẹ̀ ò ní pè é wá fọ abọ́, nílé tó jẹ́ pé òun nìkan lọmọbìnrin, tí gbogbo ayé ń retí pé òun ló yẹ kó wà ní kíṣìnnì! Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà yẹn.

Kí ni ọ̀rọ̀ "ọmọ méje" tí wọ́n máa ń sọ nípa bàbá ẹ̀?

Ó wà nínú àròkọ kan tó pè ní "Only Daughter". Ní èdè Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ kan náà, hijos, ni wọ́n ń lò fún ọmọkùnrin àti fún ọmọ lápapọ̀. Bàbá ẹ̀ á máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé, títí kan ẹni tó ń din ẹyin fún wọn nílé oúnjẹ, pé òun ní siete hijos. Tó bá ti di Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu bàbá, ó di ọmọkùnrin méje. Ọmọbìnrin á fa apá aṣọ bàbá ẹ̀, á rọra sọ fún un pé kì í ṣe méje o, mẹ́fà ni, àti ọmọbìnrin kan. Nínú Yorùbá, ọmọ lọmọ ń jẹ́, ó lè má tètè yé wa ibi tọ́rọ̀ yẹn ti dun ún.

Bàbá gbà kó lọ sí yunifásítì, torí lójú tiẹ̀ ibẹ̀ dáa láti rí ọkọ. Ó lo ọdún mẹ́rin, ó tún lo méjì sí i, kò mú ọkọ kankan wálé, bàbá sì gbà pé gbogbo ìwé yẹn ti ṣòfò.

Ibi tó máa ń mú omi wá sójú mi rèé. Kérésìmesì kan, bàbá ti ní àrùn rọpárọsẹ̀, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo fíìmù Pedro Infante, gbajúmọ̀ òṣèré Mẹ́síkò, lórí tẹlifíṣàn, ọmọ ẹ̀ wọlé, ó gbé ìtàn kan fún un tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ sí Sípáníìṣì, ìtàn nípa Tepeyac, àdúgbò tí bàbá fúnra ẹ̀ ti dàgbà. Bàbá pa ohùn tẹlifíṣàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó ń ka àwọn ibì kan sókè, ó ń béèrè pé ṣé lágbájá nìyí. Nígbà tó kà á tán, ó gbójú sókè, ó béèrè ibi tí wọ́n ti lè rí ẹ̀dà míì gbà fáwọn mọ̀lẹ́bí.

Ilé-ìwé wo ló lọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ ní Iowa?

Loyola University ní Chicago ló ti gboyè ní 1976, lẹ́yìn náà ló lọ sí Iowa Writers' Workshop, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ìkọ̀wé tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, ó parí níbẹ̀ ní 1978. Joy Harjo, ọmọ ìran Muscogee tó padà di akéwì àgbà orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀ nígbà kan náà.

Iowa ò tù ú lára. Ojú ń tì í, kì í lè sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jíròrò ìwé Gaston Bachelard, ọmọ Faransé tó kọ̀wé nípa bí ilé ṣe ń gbé inú ìrántí èèyàn. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa àjà òkè ilé àti àtẹ̀gùn àti kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń ṣeré. Òun jókòó síbẹ̀, kò rí nǹkan kan sọ, torí irú ilé tí wọ́n ń wí yẹn, òun ò gbé inú ẹ̀ rí, yàrá tí wọ́n háyà lórí òkè kẹta lòun mọ̀, níbi tí èkúté ń gbé. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú un. Lẹ́yìn náà inú bí i. Ìgbà tí inú bí i tán ló wá rí i pé ohun kan wà tóun mọ̀ tí gbogbo àwọn tó kù ní kíláàsì yẹn ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ Mango Street nìyẹn.

Ẹni tó bá ní kí n fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ iṣẹ́ obìnrin yìí, ibẹ̀ yẹn ni màá tọ́ka sí. Ohun tó ń tì í lójú ló sọ di iṣẹ́.

Kí ló wà nínú The House on Mango Street?

Ìtàn kéékèèké 44 ni, òmíì ò ju ojú ewé kan lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Esperanza Cordero ló ń sọ wọ́n, nípa ọdún kan tí òun, àbúrò ẹ̀ Nenny, àtàwọn ará ilé ẹ̀ tó kù lò ní ilé pupa kékeré kan. Ẹ máa pàdé Lucy àti Rachel, Alicia tó ń kàwé lóru, Sally tí bàbá ẹ̀ ń lù, Mamacita tí kì í jáde nílé torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Esperanza, ìrètí ló túmọ̀ sí. Ọmọ yẹn gan-an ò fẹ́ràn orúkọ ọ̀hún, torí ó jẹ́ orúkọ ìyá ńlá ẹ̀, obìnrin tí wọ́n da àpò bò lórí tí wọ́n fi tipátipá gbé sílé ọkọ, tó wá fi gbogbo ayé ẹ̀ wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ní òun jogún orúkọ, àmọ́ òun ò fẹ́ jogún ìdí fèrèsé yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń kà á lọ, ẹ ka iye obìnrin tó jókòó sídìí fèrèsé nínú ìwé yẹn, ẹnu á yà yín.

Ṣé Esperanza ni Sandra fúnra ẹ̀?

Rárá, àmọ́ wọ́n jọra. Orúkọ bàbá Esperanza, Cordero, orúkọ ìdílé ìyá Sandra ni. Ilé kékeré yẹn, ó jọ ti Campbell. Àmọ́ Sandra ní arákùnrin mẹ́fà, Esperanza ní àbúrò obìnrin, ìyẹn nìkan ti tó láti mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni.

Nígbà tó ń kọ ọ́, ó ti parí Iowa, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Latino Youth, ilé-ìwé kan ní Chicago fáwọn ọ̀dọ́ tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ rí. Ohun tójú àwọn ọmọbìnrin yẹn ń rí, àwọn míì ti bímọ, ọkọ tàbí bàbá ń lu àwọn míì, ó wọ̀ ọ́ lára, kò mọ bó ṣe lè gbà wọ́n sílẹ̀, ló bá kó o sínú ìwé. Torí náà ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Ìwé ọmọdé ni, àbí?

Ọmọdé lè kà á, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní ilé-ìwé káàkiri Amẹ́ríkà láti ibi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá wà títí dé yunifásítì. Àmọ́ ẹ má torí pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ rọrùn kẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìfipábánilòpọ̀ wà nínú ẹ̀. Ọkùnrin tó ti ìyàwó mọ́lé wà nínú ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi fọ́kọ kó tó pé ọdún 14 wà nínú ẹ̀. Èmi ò ní fi lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ láìjókòó tì í.

Bí ìwé yẹn ṣe rọrùn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó fẹ́ ìwé tí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀, lè ṣí láti ojú ewé èyíkéyìí kó sì gbádùn ẹ̀, ẹni bíi bàbá ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ àti òòlù ti ba ọwọ́ ẹ̀ jẹ́.

Kí ló dé tí kò fi àmì sí ibi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀?

Akéwì ni. Ó fẹ́ kí ìtàn náà wà láàárín ewì àti ìtàn, kí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohùn Esperanza máa wọnú ara wọn. Tó bá ń dààmú yín, ẹ kà á sókè. Létí, ẹ máa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Báwo ló ṣe rówó jẹun kó tó gbajúmọ̀?

Kò rọrùn rárá. Ìwé ewì kékeré kan, Bad Boys, ló kọ́kọ́ jáde ní 1980. Ó rí owó ìrànlọ́wọ́ gbà látọwọ́ National Endowment for the Arts (NEA), àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ti iṣẹ́ ọnà lẹ́yìn, owó yẹn ló fi lọ sí Yúróòpù, erékùsù Hydra ní ilẹ̀ Gíríìsì ló sì ti parí Mango Street. Arte Público Press, ilé atẹ̀wé kékeré kan ní Houston, ló gbà á, ó jáde ní 1984. Kò sọ ọ́ di olówó.

Ó lọ sí San Antonio ní Texas, ó ṣiṣẹ́ ní Guadalupe Cultural Arts Center. Nígbà tó yá tíṣẹ́ ò sí, ó gbìyànjú láti dá kíláàsì ìkọ̀wé sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ń pín bébà ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, àwọn tó wá ò tó nǹkan. Ní 1987 ó gba iṣẹ́ tíṣà ní yunifásítì kan ní California, ọdún yẹn gan-an ni ìbànújẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ débi tí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u pátápátá, òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́. Owó ìrànlọ́wọ́ kejì láti ọ̀dọ̀ NEA ló gbé e dìde. Lẹ́yìn náà Susan Bergholz, aṣojú àwọn òǹkọ̀wé ní New York, wá a kàn, Random House sì gbé Woman Hollering Creek, ìwé ìtàn kéékèèké ẹ̀, jáde ní 1991, wọ́n tún Mango Street tẹ̀ lọ́dún kan náà. Nígbà yẹn, obìnrin Chicana tí ilé atẹ̀wé ńlá gbé ìwé ẹ̀ jáde ò wọ́pọ̀ rárá.

Láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ Mango Street dé ìgbà tí ilé atẹ̀wé ńlá mọ̀ ọ́n, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀wé, ẹ má gbàgbé iye ọdún yẹn o.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?

Mango Street. Ẹ̀yin tí ò ráyè rárá, ẹ wá ìtàn "Eleven" nínú Woman Hollering Creek, ojú ewé díẹ̀ ni. Rachel pé ọdún mọ́kànlá lọ́jọ́ náà, tíṣà mú súwẹ́tà pupa kan tó ti gbó, tó ń rùn, ó ní ti Rachel ni, ọmọ náà ò lè sọ pé kì í ṣe tòun, ohùn ò jáde, ó wá sunkún níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ṣàlàyé pé tẹ́ ẹ bá pé mọ́kànlá, ẹ ṣì jẹ́ ọmọ mẹ́wàá, ẹ ṣì jẹ́ ọmọ mẹ́sàn-án, gbogbo ọdún yẹn ṣì wà nínú yín. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó ka ìtàn yẹn tí kò rántí tíṣà kan.

Ìtàn tó fún ìwé yẹn lórúkọ náà ń kọ́? Cleófilas, ọmọ Mẹ́síkò, fẹ́ ọkọ lọ sí Texas, ọkọ di ẹni tó ń lù ú, odò kan wà nítòsí ilé wọn tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ odò obìnrin tó ń ké, odò gidi ni o, ó wà nítòsí San Antonio. Ní Mẹ́síkò, gbogbo ọmọ ló mọ ìtàn La Llorona, obìnrin tó ń sunkún létí omi torí àwọn ọmọ ẹ̀. Nígbà tí Cleófilas ń sá lọ, Felice, obìnrin tó ń fi pikọ́ọ̀pù tiẹ̀ gbé e, dé orí afárá odò yẹn, ó sì lọgun bí ọkùnrin, igbe ayọ̀. Cleófilas ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin lè ké lórí odò yẹn kó má jẹ́ ẹkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, Caramelo, 2002. Nófẹ́ẹ̀lì ńlá nìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́. Ìdílé Reyes ń wa mọ́tò láti Chicago lọ sí Mexico City lẹ́ẹ̀rùn, Lala, ọmọbìnrin kékeré, ló ń sọ ọ́, ìborùn kan tí wọ́n hun tí wọn ò ta etí ẹ̀ tán ló so gbogbo ìtàn náà pọ̀. Iṣẹ́ kùṣìn ni bàbá Lala ń ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni fọ́tò kan tí wọ́n yà ní Acapulco, gbogbo ẹbí wà níbẹ̀ àfi Lala, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Tèmi o, ìwé yìí ló dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀.

Ṣé Sípáníìṣì ló fi ń kọ̀wé?

Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí Sípáníìṣì ń gbé inú ẹ̀. Nígbà míì ó máa ń gbé bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ ní Sípáníìṣì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tààrà, ẹni tó gbọ́ méjèèjì á gbádùn ẹ̀ ju ẹni tó gbọ́ ọ̀kan lọ. Elena Poniatowska, àgbà òǹkọ̀wé Mẹ́síkò, ló túmọ̀ Mango Street sí Sípáníìṣì, Liliana Valenzuela ló túmọ̀ Caramelo.

Àwọn ẹ̀bùn wo ló ti gbà?

American Book Award ní 1985, MacArthur ní 1995, National Medal of Arts tí Obama fi kọ́ ọ lọ́rùn ní 2016, PEN/Nabokov ní 2019, Ruth Lilly fún ewì ní 2022. Òmíì wà, àmọ́ ìwọ̀nyí ni ẹ máa ń béèrè jù.

Kí ni ọ̀rọ̀ ilé elésè àlùkò yẹn?

Ó ra ilé kan ní King William, àdúgbò ilé àtijọ́ ní San Antonio, ní 1997 ó kùn ún ní elésè àlùkò tó ń dán. Ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó ilé àtijọ́ ní àwọ̀ yẹn ò bá ìtàn àdúgbò mu. Àwọn oníṣòwò ará Jámánì ló kọ́ àdúgbò yẹn ní apá ìparí àwọn ọdún 1800, orúkọ ọba wọn ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Èsì Cisneros ni pé ìtàn ta? Texas, ara Mẹ́síkò ni títí di 1836. Àwọn ìran ẹ̀ ń lo àwọ̀ tó tàn bí iná ọjọ́ ti pẹ́, àmọ́ ilé tálákà kì í pẹ́ kó tó wó, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́jú ìwé nípa wọn, torí náà tí ìgbìmọ̀ bá ní kó mú ẹ̀rí wá, ibo ni kó ti rí i? Nǹkan bí ọdún méjì lọ̀rọ̀ yẹn fi ń jà ràn-ìn nínú ìwé ìròyìn. Oòrùn Texas ló parí ẹjọ́, ó ṣá ọ̀dà yẹn títí ó fi ṣì sí àwọ̀ tí wọ́n lè gbà.

Ẹ wò ó, ọmọ tí ò rí ilé sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní Iowa, òun ló wá ra ilé tiẹ̀, tí gbogbo ìlú ń bá a jà lórí ọ̀dà ara ògiri ẹ̀.

Ṣé ó lọ́kọ, ṣé ó bímọ?

Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹ̀ gan-an pé òun kì í ṣe ìyàwó ẹnì kankan, òun kì í sì í ṣe ìyá ẹnì kankan. Ó yàn án bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun nílò ìdákẹ́jẹ́ láti kọ̀wé, àwọn obìnrin tó sì wà láyìíká òun nígbà tóun ń dàgbà ò rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ pẹ̀lú "ó mà ṣe o", ẹ ka ìtàn tó ń jẹ́ "A House of My Own" nínú Mango Street.

Ṣé ó ran àwọn òǹkọ̀wé míì lọ́wọ́?

Gan-an ni. Ní 1995 ó pe àwọn òǹkọ̀wé díẹ̀ jọ sí ìdí tábìlì kíṣìnnì ẹ̀ ní San Antonio, wọ́n ń ka iṣẹ́ ara wọn, wọ́n ń tún un ṣe. Ìyẹn ló di Macondo, orúkọ ìlú inú ìwé Gabriel García Márquez, òǹkọ̀wé ọmọ Kòlóńbíà. Ní 2000 ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó fún àwọn òǹkọ̀wé Texas lówó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, orúkọ bàbá ẹ̀ tó kú ní 1997 ló fi sọ ọ́. Bàbá tó rò pé ìwé kíkà ti ṣòfò, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n wá fi fún àwọn tó ń kọ̀wé lówó.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fòfin de ìwé ẹ̀ ní Arizona?

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní 2010 ìpínlẹ̀ Arizona ṣe òfin tó kọjú sí ẹ̀kọ́ nípa ìran Mẹ́síkò tí wọ́n ń kọ́ ní àwọn ilé-ìwé Tucson. Oṣù Kìíní 2012 ni wọ́n pa ẹ̀kọ́ náà rẹ́. The House on Mango Street wà lára ìwé tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀kọ́ yẹn. Kì í ṣe pé ọlọ́pàá ń gba ìwé lọ́wọ́ èèyàn lójú títì, kíláàsì tí wọ́n ti ń kà á ni wọ́n tì.

Tony Diaz àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Houston kó ìwé sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú títí dé Tucson, wọ́n ń pe ara wọn ní Librotraficante, ìyẹn àwọn fàyàwọ́ ìwé. Cisneros tì wọ́n lẹ́yìn. Ní 2017 adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní òfin yẹn tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lójú, ó ní ìkórìíra ẹ̀yà ló wà nídìí ẹ̀.

Kí ló fà á táwọn èèyàn ẹ̀ fi bínú sí i ní 2020?

Ó kọ ọ̀rọ̀ ìyìn fún American Dirt, nófẹ́ẹ̀lì Jeanine Cummins nípa ìyá àti ọmọ tó ń sá kúrò ní Mẹ́síkò. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Chicano bínú sí ìwé yẹn, wọ́n ní kò mọ Mẹ́síkò, ó kàn ń lo ìyà wọn, Cummins sì gba owó gọbọi lórí ẹ̀ nígbà tí àwọn tó gbé ìtàn yẹn ò rí ẹni tẹ ìwé wọn. Cisneros ò kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Ó ní ìwé yẹn lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ka ìwé tòun láéláé.

Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí gan-an, àmọ́ lórí èyí, ọ̀dọ̀ àwọn tó bínú ni mo wà. Òun gan-an ló fi ayé ẹ̀ kọ́ wa pé ó yẹ kí ẹni tó gbé inú ilé sọ bí ilé ṣe rí.

Kí ló dé tó fi kúrò ní Amẹ́ríkà?

Láti 2013 ló ti ń gbé ní San Miguel de Allende, ní ìpínlẹ̀ Guanajuato ní Mẹ́síkò, agbègbè tí ìran ìyá ẹ̀ ti wá. Ìyá ẹ̀ kú ní 2007, ìwé kékeré kan nípa ológbò tó sọnù, Have You Seen Marie?, ló fi sunkún ẹ̀. Kò fi ìwé kíkọ sílẹ̀ níbẹ̀ o, Woman Without Shame, ìwé ewì, jáde ní 2022, ní 2025 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi Mango Street ṣe ọ́pẹ́rà níbi àjọ̀dún ọ́pẹ́rà Glimmerglass ní ìpínlẹ̀ New York, òun àti Derek Bermel, ẹni tó kọ orin ẹ̀, ni wọ́n jọ kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ọmọ obìnrin tó fẹ́ràn ọ́pẹ́rà.

Ṣé ó tọ́ láti pè é ní agbẹnusọ gbogbo ọmọ Mẹ́síkò tó wà ní Amẹ́ríkà?

Kò tọ́. Àwọn tí baba ńlá wọn ti wà ní Texas àti New Mexico kí ààlà tó ṣí lé wọn lórí ní 1848 yàtọ̀ sí ẹni tó kọjá wá lánàá. Àwọn tó ń kórè lóko yàtọ̀ sí ọmọ Chicago. Tí ẹ bá fẹ́ ti àwọn tó ń kórè, ẹ ka Tomás Rivera. Tí ẹ bá fẹ́ New Mexico, ẹ ka Rudolfo Anaya. Ti ààlà gan-an, Gloria Anzaldúa.

Kódà ní Chicago, ẹ wo Ana Castillo, wọ́n bí i níbẹ̀ ní 1953, ọdún kan ṣáájú Cisneros, wọ́n jọ jẹ́ akéwì, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ ka The Mixquiahuala Letters tó jáde ní 1986, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mango Street. Ìlú kan náà ni, ìran kan náà ni, àmọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ lẹ ti máa mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin kan náà ló ń bá yín sọ̀rọ̀.